Iṣẹ́ wo gan-an lẹ fẹ́ ká wá ṣe lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ìbò?

Ìdìbò 2027 ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin náà á sì ti máa rí i lórí WhatsApp. Àwọn kan á kàn fi yín sínú gúrúùpù láì béèrè, wọ́n á ní ẹ wá bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá àwọn tó fẹ́ di ààrẹ. Owó kò sí níbẹ̀ o, ìfẹ́ ìlú ni. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ìlú tí ọ̀dọ́ kò bá ti lè ṣe nǹkan kan láì gba kọ́bọ̀, ọwọ́ àwọn olówó ni yóò máa wà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn ṣe, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ti 2023 wò ó. Ìpolongo ìbò ààrẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2022, ó sì parí lóru ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2023, torí òfin ní ó gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ìdìbò. Ṣé ẹ rántí bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí? Epo bẹntiróòlù ò sí. Náírà tuntun ò sí, ti àtijọ́ ò sì ṣeé ná lọ́pọ̀ ibi, àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ATM. Ẹgbẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa fowó kó èrò jáde wá rí i pé owó tó wà ní báńkì kò ṣeé fún ọlọ́kadà. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó ń fi dátà ara rẹ̀ pe èèyàn, wúlò jù.

Àmọ́ kí ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe? Wọ́n ń yan káàkiri títì pẹ̀lú àsíá, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí Twitter. Èmi ò rí èrè ìyẹn tó bá ti ku ọjọ́ márùn-ún. Ariwo dára ní oṣù Kẹwàá, kí ẹni tí kò mọ olùdíje lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá yín wọ́de ní Lẹkki lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ti pinnu tipẹ́. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá ni ẹni tó ti fẹ́ dìbò fún yín, àmọ́ tí kò mọ ibi tí orúkọ òun wà.

Irú wọn sì pọ̀. Ní 2021, INEC fi kún ibùdó ìdìbò láti 119,974 sí 176,846. Èkó nìkan ní 13,325. Wọ́n wá kó orúkọ àwọn kan kúrò níbi tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀ lọ síbòmíì, kí èrò má bàa pọ̀ jù lójú kan. INEC fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í bá ṣe ti báńkì? Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ládùúgbò á dé ibi tó ti ń dìbò látọdúnmọ́dún, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rìn lọ́jọ́ náà. Ilé ló máa padà sí. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní fóònù lè jókòó sí ìsọ̀ ìyá yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó bá gbogbo àdúgbò yẹ orúkọ wọn wò lórí ìkànnì INEC. Kì í ṣe iṣẹ́ tó dùn ún yà ní fọ́tò.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún wà lọ́tọ̀. NUC ní kí wọ́n ti yunifásítì pa láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ilé wọn wà ní Lọ́kọ́ja ńkọ́? Wíwá ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sùn fún alẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ ìpolongo nìyẹn náà.

Ẹ má sì rò pé ìbò kan méjì kò já mọ́ nǹkan kan. L'Ékòó, Peter Obi ní 582,454, Bola Tinubu ní 572,606. Ìbò 9,848 ló wà láàárín wọn. Ẹ pín in sí ibùdó 13,325, kò tó ìbò kan ní ibùdó kan. Kì í ṣe ìyẹn ló sọ ẹni tó di ààrẹ o. Tinubu ní 8,794,726 jákèjádò Nàìjíríà, ó sì wọlé. Àmọ́ nílùú tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ti forúkọ sílẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ló dìbò, ẹni tó bá mú aládùúgbò méjì jáde nílé ti ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tó wá ṣe pàtàkì jù ni ti aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́jẹ́ńtì. Òun ló máa dúró títí wọ́n á fi ka ìbò tán, tó máa fọwọ́ sí ìwé èsì EC8A, tó sì máa gba ẹ̀dà tirẹ̀. Nígbà tí èsì ìbò ààrẹ kò gòkè sórí IReV bí wọ́n ṣe ṣèlérí, ìwé yẹn ló kù téèyàn lè dì mú. PDP fi orúkọ ẹ́jẹ́ńtì 176,588 sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, APC fi 176,223. Ẹgbẹ́ Labour tí ariwo ọ̀dọ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jù fi 134,874. Ìyẹn ni pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì ibùdó tí wọn ò lẹ́nì kankan tó máa bá wọn wo ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ẹlẹ́rìí 13 ni wọ́n pè. Mi ò ní ìdájọ́ ì bá yàtọ̀ o. Mo kàn ń sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti le nìyẹn, torí ṣáájú ọjọ́ ìbò ni wọ́n ti máa ń ti orúkọ ẹ́jẹ́ńtì pa. Ẹni tí ìfẹ́ ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ti pẹ́ jù fún ìyẹn. Ohun tó kù fún un ni kó gbé omi àti oúnjẹ fún ẹ́jẹ́ńtì, kó bá a fi iná fóònù tàn sí tábìlì tí ilẹ̀ bá ṣú, kó má sì jẹ́ kó dá rìn lọ sílé. Ẹ́jẹ́ńtì tí ebi ń pa látàárọ̀ ni owó ẹgbẹ́ kejì máa ń tètè wọ̀ lójú. Kẹ́ni náà sì bọ́ t'ṣẹ́ẹ̀tì olùdíje sílé o: òfin 2022 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polongo ní mítà 300 sí ibùdó ìdìbò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún fi yín sí gúrúùpù, ẹ bi wọ́n: wọ́ọ̀dù wo? Ibùdó mélòó ló wà níbẹ̀, mélòó ló ti ní ẹ́jẹ́ńtì? Ta ni ká pè tí wàhálà bá dé láago mọ́kànlá alẹ́, ṣé lọ́yà wà? Bí ẹni tó ń kó yín jọ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rọra wá alága wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ náà lọ. Òun ni wọ́n sábà máa ń ní kó mú orúkọ wá, ó sì ṣeé ṣe kí àyè ṣì wà.