Hẹlikọ́pítà Nìkan Kọ́ Ló Ń Dóòlà Ẹ̀mí

Bí ọkọ̀ bá gbókìtì ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn tó sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ kì í ṣe dókítà. Àwọn èrò ọkọ̀ mìíràn àti àwọn ọlọ́jà ẹ̀bá ọ̀nà ni. Wọn á fa ẹni tó farapa jáde, wọn á gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọn á sì máa wá ilé ìwòsàn kiri. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ lè tibẹ̀ di arọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn fi máa ń dùn létí ará ìlú. Ohun rere ni. Nàìjíríà pàápàá ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe é, àmọ́ mélòó nínú àwọn èrò inú dáńfó ló lè san owó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo Jámánì. Láti ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ onímọ́tò ADAC ti gbé hẹlikọ́pítà Christoph 1 kalẹ̀ ní ìlú Munich. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfurufú ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì kò lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Dandan ni kí àpótí ìtọ́jú wà nínú ọkọ̀. Adójútòfò ìlera ló sì ń san owó ìdóòlà.

Nàìjíríà kò ṣàìní òfin. Abala 20 òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000), ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà ẹni tó bá rú u. Síbẹ̀, owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Bí hẹlikọ́pítà bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kan náà, kí ló yí padà?

Kí ìjọba kọ́kọ́ fi ọwọ́ òfin mú ilé ìwòsàn tó bá lé aláìsàn. Kí ìtọ́jú pàjáwìrì di ara ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Kí áńbúláǹsì wà káàkiri ojú ọ̀nà, kí tọmọdé tàgbà sì mọ nọ́ńbà 122 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ń gba ìpè. Lẹ́yìn èyí ni kí hẹlikọ́pítà dé. Ìdí ni a ti ń gun igi, a kì í gùn ún láti òkè.