ÒRÙLÉ YÍN ŃKỌ́, Ẹ̀YIN ARÁ FESTAC ÀTI AMUWO-ODOFIN?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, onílé àti ayálégbé, ní Festac, Mile 2, Agboju, Satellite, Kirikiri àti Abule-Ado, ìjọba tó wà ní Alausa mọ ilé yín dáadáa. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó Land Use Charge, wọn kì í ṣìnà. Lọ́dún 2018 wọ́n gbé owó náà sókè débi pé gbogbo Èkó figbe ta kí wọ́n tó dín in kù. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ṣí òrùlé yín, tí kọngílá gba àsansílẹ̀ tó sì sá lọ, ta ni ẹ máa rí? Ẹ ò ní rí ẹnì kan!

Nítorí àjọ̀dún àṣà aláwọ̀ dúdú ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac. Àwọn ilé yẹn ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Òrùlé kan ṣoṣo ló bo gbogbo ìdílé tó wà nínú búlọ́ọ̀kù kan. Bó bá jò, ẹni tó wà lókè ni omi ń pa. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní kò kan òun. Nígbẹ̀yìn wọ́n á dáwó, wọ́n á kó o fún kọngílá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òmíràn á kọ páànù 0.55 sínú ìwé, 0.45 ni yóò gbé wá. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni yóò fi hàn yín.

ÒFIN WÀ, WỌ́N FI PAMỌ́ NI

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà sọ ní abala 130 pé ẹni tó gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kó ṣe é dáadáa, kí ohun tó kàn mọ́lé má sì lábùkù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó tún un ṣe, tàbí kó dá lára owó yín padà. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó òfin yìí. Èkó náà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2014, ó dá LASCOPA sílẹ̀. Lọ́dún 2018 wọ́n tún dá ilé-ẹjọ́ Small Claims sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní kí ẹjọ́ fi parí, ẹ sì lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà. Ẹ bi aládùúgbò yín wò: ṣé ó ti gbọ́ rí? Òfin tí aráàlú ò mọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí páànù tó ti dógùn-ún?

Ọ̀RỌ̀ ÌNṢỌ́RÁNSÌ

Èyí tilẹ̀ burú jù. Òfin ọdún 2003 pàṣẹ pé ilé tí ayálégbé ń gbé gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì nítorí iná, ìjì, àgbàrá àti ilé wíwó, kí ẹni tó bá farapa tàbí tí ẹrù rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀ lè rí owó gbà. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá kọ̀. Ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Odindi ọdún méjìlélógún! Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tiẹ̀ kanlẹ̀kùn yín rí láti ṣàlàyé rẹ̀?

Ẹ rántí Abule-Ado, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020. Ìbúgbàmù yẹn pa ènìyàn tó lé ní 20. Ilé wó, òrùlé fò, ilé-ìwé run. Ìjọba Èkó gbé àpò ìrànlọ́wọ́ kalẹ̀, wọ́n ní kí á dá ₦2 bílíọ̀nù jọ, àwọn fi mílíọ̀nù 250 sí i. A ò ní kí wọ́n má dáwó. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti kọ́ wa ní ìnṣọ́ránsì láti 2003, tí wọ́n sì mú un rọrùn fún mẹ̀kúnnù, ẹ̀tọ́ ni ọ̀pọ̀ onílé ì bá béèrè, kì í ṣe àánú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tilẹ̀ ní in, ẹ ṣọ́ra. Ohun kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n ń pè ní excess: owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé. Bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦1,000,000, tí excess jẹ́ ₦100,000, ₦900,000 ni kọ́ńpìnnì máa san. Kọngílá ayédèrú á ní: “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, mo máa fi tiyín kún bíìlì.” Jìbìtì ló fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun ṣe o! Bí kọ́ńpìnnì bá mọ̀, ẹ lè má rí kọ́bọ̀ gbà. Ní Texas l'Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọ̀ràn ni kí kọngílá bá onílé gbé owó yẹn. Àwa ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ wa?

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA MÁA ṢE NÍ KÁŃSÙ

1. A máa kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti fọ́tò gbogbo agbaṣẹ́ òrùlé sínú ìwé, kí aráàlú lè yẹ̀ ẹ́ wò. A ò bá káfíńtà gidi jà. Òun ni ìwé yìí máa gbè.
2. A máa gbé ẹ̀rọ ìwọn páànù sí káńsù, ọ̀fẹ́ ni.
3. A máa yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá yín kọ̀wé sí LASCOPA, FCCPC àti Small Claims.
4. A máa bá kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì dúnàádúrà fún búlọ́ọ̀kù àti àdúgbò lápapọ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ àdéhùn, ẹ kọ nínípọn páànù sí i, ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì mú díẹ̀ dání títí òjò yóò fi rọ̀ sí iṣẹ́ náà.

Láti 1999 títí dòní, agbo kan náà ló ń ṣèjọba l'Ékòó. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹni tí kò rí òrùlé yín tó ń jò láti ọjọ́ yìí wá, ṣé ẹ̀ẹ̀kan sí i ló máa rí i? Ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ jí aládùúgbò yín. Ẹ dìbò fún wa, ká jọ tún ilé ṣe!