Nígbà Tí Òkété Bá Dàgbà: Ìbéèrè Lórí Ilé Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó ní Bassila àti Manigri

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Manigri. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí òkété yóò ṣe bí ọmọ rẹ̀ bá ń gbé ní Cotonou, ní Èkó tàbí ní Paris, tí ó jẹ́ pé owó ni ó ń wọlé lóṣooṣù, tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò sì wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí àwọn baba ńlá kò mọ̀ rárá, fi di ohun tí ó yẹ kí àwọn ọmọ ìlú bi ara wọn léèrè rẹ̀ ní gbangba, láìfi ìbínú sí i, láìsì fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Kọ́múùnù Bassila wà ní ẹ̀ka Donga, lẹ́bàá ààlà Togo. Àgbègbè mẹ́rin ni ó ní: Bassila, Manigri, Alédjo àti Pénéssoulou. Anii ni èdè onílẹ̀ ní Bassila. Ní Manigri, èdè tí ó jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, tí ó sì bá ti Kambolé ní Togo tan, ni wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀: iṣu, àgbàdo, kajú. Ogbó kò sì bá gbogbo ènìyàn bákan náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n san owó rẹ̀ fún Caisse Nationale de Sécurité Sociale ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fi ogójì ọdún kọ ebè kò ní irú rẹ̀. Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì àgbẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó máa ń jáde ni pé: ǹjẹ́ kì í ṣe ẹ̀gàn kí ẹni tí ó bímọ máa gbé lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀? Kí ẹni tí yóò dáhùn kọ́kọ́ wo ààfin. Ọba kì í fẹ̀yìntì. Orí ìtẹ́ ni ó ti ń darúgbó. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan ni ó ń dúró tì í. Àwọn olorì, àwọn ẹmẹ̀wà, àwọn ìránṣẹ́ ààfin, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní ìlàrí ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dáhùn bí ọba bá pè lóru. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ọba di ẹni ẹ̀gàn nítorí pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ara iyì rẹ̀ ni. Ọwọ́ ẹlòmíràn kọ́ ni àṣà kórìíra, bí kò ṣe kí àgbà dá wà, kí ó pe títí, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ ẹ.

Ìbéèrè kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta gan-an ni ó ń tọ́jú àgbà nínú agbo ilé lónìí? Ìdáhùn tí ó máa ń yá ni lẹ́nu ni “ẹbí”. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin kan ṣoṣo ni ẹbí yẹn: ìyàwó ọmọ, tàbí ọmọbìnrin tí ó ti ilé ọkọ padà, tàbí ọmọ-ọmọ tí wọ́n yọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè máa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá yọrí sí rọpárọsẹ̀ fún lè wà lórí ẹní fún ọdún púpọ̀. Bí wọn kò bá máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì méjì, egbò yóò dá sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀, ó sì lè jẹ wọ inú eegun. Bí wọ́n bá fún un lómi mu nígbà tí ó nà gbalaja, omi náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìfẹ́ òbí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè kọ́ ènìyàn ní nǹkan wọ̀nyí. Ẹnìkan ní láti kọ́ obìnrin náà, ẹlòmíràn sì ní láti gba ipò rẹ̀ lóru kan, lóru méjì, kí òun náà lè fojú kan oorun.

Ti àgbà tí ó ń ṣarán tún burú sí i. Àìsàn ọpọlọ ni ó ń mú kí ìyá arúgbó jáde lóru, kí ó máa pe òkú lórúkọ, kí ó má sì dá ọmọ tí ó bí mọ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn kan a máa pè é ní àjẹ́, wọ́n a sì máa sá fún un. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà dárúkọ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì ní kí àwọn ìjọba dáàbò bo àgbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú tí ó bá ń sọ̀rọ̀ àṣà kò gbọdọ̀ fi àṣà bo ìwà ìkà.

Ìbéèrè kẹta ni ti òfin. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala 26 pé Ìjọba yóò máa bójú tó àwọn abirùn àti àwọn àgbàlagbà. Ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Òfin ìpìlẹ̀ náà sọ di ara rẹ̀, ní kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó sì máa bọ́ wọn bí wọ́n bá ṣe aláìní. Òfin ìdílé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004 fi ẹrù kan náà sí ọrùn àwọn ọmọ. Àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fẹnu kò lé lórí ní Addis Ababa ní oṣù Kìíní ọdún 2016, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, sọ ní abala 11 pé gbígbé ní ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè yàn tàbí kí ó kọ̀, kí owó rẹ̀ má sì ga ju agbára lọ. Ọ̀rọ̀ yíyàn yìí ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ a máa pàdé lórí fóònù, wọn a pín owó láàárín ara wọn, wọn a sì pinnu ibi tí bàbá yóò máa gbé. Bàbá ni wọ́n máa ń bi léèrè kẹ́yìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ bi í.

Àwọn mìíràn a máa béèrè pé: ṣé ilé arúgbó àwọn òyìnbó kò ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni? Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìwé tí akọ̀ròyìn Victor Castanet tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé fi hàn bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń fi ilé ìtọ́jú ṣòwò ṣe ń ṣọ́ ìlédìí àti oúnjẹ ná fún àwọn arúgbó kí èrè lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé kan náà ni Jeanne Jugan, tálákà bíi ti àwọn yòókù, ti gbé ìyá afọ́jú kan wọ ilé rẹ̀ ní Saint-Servan lọ́dún 1839, tí ó sì fún un ní ibùsùn tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìjọ àwọn Petites Sœurs des Pauvres ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó tálákà ní Benin àti ní Enugu títí di òní. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé àwọn àgbàlagbà tirẹ̀ ní Yaba. Orúkọ kan náà ni gbogbo ilé wọ̀nyí ń jẹ́, ète wọn kò sì dọ́gba. Ohun tí ó yẹ kí ẹbí béèrè ni ẹni tí ó ni ilé, ohun tí ó ń wá níbẹ̀, àti bóyá ẹbí lè wọlé nígbàkígbà tí ó bá wù ú.

Fún ọmọ Bassila tàbí Manigri, ìbéèrè mìíràn tún wà lórí ìyẹn: èdè wo ni wọn yóò máa bá a sọ níbẹ̀? Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń rẹ̀ a máa gbàgbé èdè tí ó kọ́ gbẹ̀yìn kí ó tó gbàgbé ti ìyá rẹ̀. Bàbá tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ Faransé ní ọ́fíìsì lè padà sí èdè Manigri nìkan. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Cotonou, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè náà, ta ni yóò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Ìlú pẹ̀lú yóò pàdánù. Lẹ́nu irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni oríkì ìdílé wà, àti ààlà oko, àti ìtẹ̀léra àwọn tí ó ti jọba. Lọ́jọ́ tí ìtẹ́ bá ṣófo, tí àwọn ìdílé ọba bá ń jiyàn lórí ẹni tí oyè kàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn ìbá sáré lọ.

Ẹ̀rù mìíràn tí ó tọ́ ni pé bí ilé bá wà, àwọn ọmọ yóò ju òbí síbẹ̀, wọn yóò sì gbàgbé. Àwọn kan yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò gbàgbé ti ń gbàgbé báyìí pẹ̀lú, nínú yàrá tí ó wà ní ẹ̀yìn agbo ilé, níbi tí àlejò kì í dé. A máa ń wí pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, owó sì máa ń jáde lọ́jọ́ ìsìnkú: aṣọ ẹbí, ẹran, oúnjẹ àlejò, ọ̀dà tuntun lára ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò sórí olóògbé nígbà ayé rẹ̀. Bí ẹbí bá lè kó owó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan fún òkú, ìdámẹ́wàá rẹ̀ lè gba olùtọ́jú fún alààyè.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà sí àṣà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ooru líle pa ènìyàn bí 15,000 ní ilẹ̀ Faransé ju iye tí ó máa ń kú ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ, àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ sì dá gbé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2004, wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún láìgba owó, kí èso iṣẹ́ náà lè jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà àti àwọn abirùn. Yorùbá ti ní irú rẹ̀ kí òfin yẹn tó dé: ọ̀wẹ̀ àti àáró. Àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn roko ní àáró lè bá ara wọn tọ́jú àgbà ní àáró.

Ibí ni ipò àwọn adé ti hàn. Òfin lórí oyè ìbílẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Benin dìbò fún ní ọdún 2025 ti fi ẹsẹ̀ ipò ọba múlẹ̀ lójú Ìjọba. Kò yẹ kí ipò náà mọ sórí ayẹyẹ. Ààfin lè ní kí baálé àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà tí ó dá gbé sílẹ̀. Ó lè pe àwọn nọ́ọ̀sì ìlú láti kọ́ ènìyàn méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan bí a ti ń yí aláìsàn padà, bí a ti ń wẹ̀ ẹ́, bí a ti ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi lè máa san owó fún àwọn wọ̀nyí lóṣooṣù, kí ó má jẹ́ ti ọjọ́ ìsìnkú nìkan. Lẹ́yìn èyí, kí ìlú ya ilé kan sọ́tọ̀ tí àwọn àgbà yóò máa wá lọ́sàn-án, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ta ayò, kí wọ́n kírun tàbí kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Ẹni tí kò bá ní ilé tí yóò padà sí, kí ó sùn níbẹ̀. Àárín ìlú ni kí ilé náà wà, kí ohùn ọmọdé lè máa dé ibẹ̀.

Kò pọn dandan kí ilé bẹ́ẹ̀ tóbi. Bí ó bá jẹ́ yàrá mẹ́ta tí omi wà níbẹ̀, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, tí èdè ìlú sì ń dún níbẹ̀, àgbà kan yóò pe lóru, ẹnìkan yóò sì jẹ́ ẹ.