Ta Ni Yóò Ra Fóònù fún Ọmọ Tálákà Dansoman?

Iyèméjì ti tán! Ní ọdún 2024 ni àbájáde ìwádìí kan jáde láti Gánà. Nǹkan bí 1,000 ọmọ ni a yẹ̀ wò ní ilé ẹ̀kọ́ 11 fún oṣù 8. Rori, olùkọ́ ìṣirò tí ń bẹ nínú WhatsApp, ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bí òye rẹ̀ ti mọ, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn tí ó lò ó ta ẹgbẹ́ wọn yọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn tí ń pariwo pé kí òbí kálukú wá fóònù fún ọmọ rẹ̀ gé ọ̀rọ̀ náà kù: ilé ẹ̀kọ́ ni ó pèsè àyè fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn olùkọ́ wọn sì ń kọ́ wọn lọ bí ìṣe. Ǹjẹ́ ìyá tí ń ta ẹja ní Dansoman yóò ha fi owó oúnjẹ ra dátà bí? Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ta ni ìyà jẹ bí kò ṣe ọmọ tí kò ní fóònù?

Kí ìjọba ra fóònù sí kíláàsì bí ó ti ń ra ìwé. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ olówó nìkan ni ẹ̀rọ náà yóò kọ́; ojú fèrèsé ni ọmọ tálákà yóò ti máa wò ó.