Ó Yẹ Kí Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Wa Ṣe Ìwádìí lórí Iná Mọ̀nàmọ́ná láti Ara Ewé

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ní Èjìgbò tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé iná ṣe pàtàkì. Bí iná bá lọ lálẹ́, ìwé kíkà parí nìyẹn, àfi fún ẹni tó lówó epo jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ inú oko wa ń gba ìtànṣán oòrùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa wádìí bí a ṣe lè rí iná lára ewé.

Ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Àwọn àpò kan wà nínú ewé tí ojú lásán kò lè rí; táílákọ́ìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Bí oòrùn bá ràn sí wọn, èròjà inú omi a tú ká, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a sì jáde, èyí tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ìrìn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú wáyà sì ni iná mọ̀nàmọ́ná. Ní 2013, Ramaraja Ramasamy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yọ àwọn àpò wọ̀nyí, tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ èédú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n sì gba iná náà kí ó tó di oúnjẹ. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ohun alààyè aláwọ̀ ewé inú omi gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan lè sọ pé iná náà kéré, pé àpò tí a yọ lára ewé kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Òótọ́ ni. Panẹ́ẹ̀lì oòrùn ló yẹ kí a gbé sórí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ wa lónìí, nítorí ọmọ tó ní ìdánwò kò lè dúró de ìwádìí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Panẹ́ẹ̀lì tí Bell Laboratories ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1954 kò sọ ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìtànṣán oòrùn di iná; èyí tí à ń rà lónìí ń sọ nǹkan bí ìdá 20. A kò sí nídìí rẹ̀ nígbà tó kéré, ìdí nìyí tí a fi di oníbàárà rẹ̀ nígbà tó dàgbà.

Síwájú sí i, iṣẹ́ yìí bá wa mu. Èjìgbò ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Oòrùn kò wọ́n wa, ewé kò wọ́n wa. Ohun tó yẹ kí a wádìí ni irú ewé tí àpò rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ta ló sì yẹ kó mọ ewé ju àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ?

Láìfa ọ̀rọ̀ gùn, kí a máa lo panẹ́ẹ̀lì báyìí, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí iná ewé láìjáfara. Bí a bá dúró títí àwọn ẹlòmíràn fi parí rẹ̀, owó gààrì ni a óò fi ra iná tí a rí lára ewé.