Ọ̀rọ̀ Owó Nínú Ilé: Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dé inú ọ̀pọ̀ ilé lóde òní. Ọmọ tí ó wà lókè òkun á ránṣẹ́ sílé pé: “Bàbá, ẹ má fi owó ìfẹ̀yìntì yín sí bánkì mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan. Àwọn tí ó ra ìpín Coca-Cola láyé àtijọ́, ọmọ-ọmọ wọn ń jẹ ẹ́ títí dòní.” Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kejì wà tí a kì í sábà sọ.

Kí ni à ń pè ní ìpín? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ènìyàn mẹ́wàá dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo sí etí ọjà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí èrè bá wọlé, wọn yóò pín in. Bí ẹ̀rọ náà bá ń rí oníbàárà, ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò lè ta ìdá tirẹ̀ ju iye tí ó fi rà á lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ tí kò ṣe é tún ṣe, gbogbo wọn ló pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá rí.

Ní ọdún 1919, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta ìpín Coca-Cola fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, dọ́là 40 ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí owó ṣúgà fi dàrú, ìpín náà sì já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Quincy, ní Florida, níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà, ọ̀gá bánkì kan wà, Pat Munroe lorúkọ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí owó ti wù kí ó ṣọ̀wọ́n tó, àwọn ènìyàn ṣì ń rí sẹ́ńtì 5 fi ra Coca-Cola kan. Ó ń gba àwọn àgbẹ̀ àti àwọn opó níyànjú pé kí wọ́n ra ìpín náà, kí wọ́n má sì tà á. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé lẹ́yìn 1929, èrè ìpín yẹn gba ọ̀pọ̀ ilé là. Títí dòní ni a fi ń dárúkọ Quincy bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn olówó Coca-Cola.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà pín ìpín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan ti 1919 fi di 9,216 ní 2012. Bí a bá ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 60, dọ́là 40 àtijọ́ ti ju dọ́là 550,000 lọ, láìka èrè tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún mọ́ ọn.

Ti Altria tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ sìgá tí ń jẹ́ Philip Morris tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder ṣírò rẹ̀ láti òpin 1925 dé òpin 2023: dọ́là 1 di mílíọ̀nù 2.65, bí ẹni tí ó ni ín bá ń fi gbogbo èrè ra ìpín kún un. Síbẹ̀, nǹkan bí 16 lórí 100 ni owó náà ń lé sí i lọ́dún. Ọdún 98 ló ṣe ìyókù. Èrè ń bí èrè, bí ewúrẹ́ ti ń bímọ tí ọmọ rẹ̀ náà sì ń bímọ. Ta ni nínú wa tí yóò dúró fún ọdún 98 láìfọwọ́ kan owó náà? Ẹni tí yóò bá sì jẹ nínú èrè sìgá, kí ó kọ́kọ́ bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè.

Apá kejì nìyí. Nínú ìpín bí 29,000 tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí yẹ̀ wò, èyí tí ó ju ìdajì lọ ló mú àdánù bá ẹni tí ó dì í mú títí dé òpin. Àwọn díẹ̀ ló ń ru ẹrù gbogbo ọjà.

Ẹ rántí Kodak. Ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbéyàwó àti ìsàmì tí ó wà lára ògiri ilé wa, fíìmù rẹ̀ ni wọ́n fi yà á. Láti 1930 dé 2004, ó wà lára ilé-iṣẹ́ 30 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn ọjà ìpín wọn. Ní 1975, Steven Sasson, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣe kámẹ́rà tí kò nílò fíìmù, ṣùgbọ́n fíìmù ni ilé-iṣẹ́ náà gbójú lé. Ní 1997, ìpín Kodak kan ju dọ́là 90 lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, gbèsè gbé e dé ilé ẹjọ́. Ní 2013, wọ́n fagi lé ìpín àtijọ́, àwọn tí ó ni ín kò sì gba nǹkan kan. Àwọn náà ní sùúrù bí àwọn ará Quincy. Igi tí wọ́n gùn ni kò jọra.

Coca-Cola fúnra rẹ̀ gòkè ní 1998, ó sì ju ọdún 15 lọ kí iye rẹ̀ tó padà síbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún lè dúró. Bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì ńkọ́?

A kò sọ pé kí ẹ má ra ìpín o. Ọjà ìpín wà nítòsí wa: BRVM ní Abidjan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1998, ti Benin àti Togo sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ṣe é.

Owó ilé-ìwé, owó oògùn àti owó oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Owó tí ilé lè gbàgbé fún ọdún mẹ́wàá ni kí a lò.

Ẹ má fi gbogbo owó sí ibì kan. Àgbẹ̀ kì í gbin àgbàdo nìkan. Yóò fi ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà kún un, nítorí kò mọ èyí tí òjò yóò gbè.

Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, kí ó má fi gbogbo ìpamọ́ rẹ̀ ra ìpín ibẹ̀. Nígbà tí Enron wó ní Amẹ́ríkà ní 2001, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì papọ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ mọ ibi tí ìwé ìpín wà. Ogún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹ bá ara yín sọ ọ́ nínú ilé kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn. Ó di oṣù tí ń bọ̀.