Ajá Náà Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa Yorùbá mọ ajá í sọ lórúkọ: Tanímọ̀la, Tańtólọ́run, kí aládùúgbò lè gbọ́ òwe tí a ń pa fún un. Ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́ ti ajá? Bó bá ti ń jùrù, a ní inú rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ìrù tó le gan-an, tó nà sókè tó ń gbọ̀n, ìkìlọ̀ ló lè jẹ́. Èyí ni àbúrò mi kò mọ̀ tí ajá ilé wa fi bù ú jẹ.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ àjẹkù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìyẹ sísè a sì máa ṣá a lọ́fun. Ẹ bá a yọ eegun kúrò. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Fàájì rẹ̀ kò wọ́n: kó ṣáà máa gbóòórùn kiri ni. Èmi a máa dúró tì í nídìí igi, bí mo tilẹ̀ ti pẹ́ dé kíláàsì.